Ọmọ Lhasa ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ilé yín: ìbéèrè àti ìdáhùn

Bí èèyàn bá ní òun ń wá ajá kékeré ní Èkó, Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta, Lhasa ni wọ́n sábà máa ń fi hàn án. Ilẹ̀ Tibet ni irú ajá yìí ti ṣẹ̀ wá. Tó bá dàgbà tán, kílò 5 sí 8 ló máa ń wọ̀n. Ṣùgbọ́n ọmọ ọ̀sẹ̀ 8 tí ẹ gbé wálé lónìí kì í sábà wúwo tó ìgò omi lítà kan ààbọ̀. Ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ yìí ti ṣẹ̀ wá. Ebi ọjọ́ kan tí ọmọ ajá ńlá máa fi oorun rẹ́ lè dá ọmọ Lhasa dùbúlẹ̀, oògùn tí ẹ fojú díwọ̀n lásán sì lè pa á. Ẹni tó ní Maltese, Yorkie, Chihuahua tàbí Pomeranian náà lè ka èyí bíi tirẹ̀.

Ọmọ ọ̀sẹ̀ mélòó ló yẹ ká gbà lọ́wọ́ olùtajà?

Ọ̀sẹ̀ 8, kó má dín. Olùtajà lè fẹ́ kí ẹ gbé e lọ ní ọ̀sẹ̀ 5 tàbí 6, torí ìgbà yẹn ló máa ń wu ojú jù, ìgbà yẹn náà sì ni oúnjẹ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í náni lówó. Ẹ san àsansílẹ̀, kí ẹ jẹ́ kó dúró ti ìyá rẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ 5 sí 8 yìí ni àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ máa ń kọ́ ọ pé tó bá ti gé àwọn jẹ jù, eré parí nìyẹn. Ajá tí kò gba ẹ̀kọ́ yìí nílé, ọwọ́ àwọn ọmọ yín ló máa fi kọ́ ọ.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ la ẹnu rẹ̀ wò. Eyín ìkókó ajá jẹ́ 28. Ọmọ ọ̀sẹ̀ 8 ti máa ń ní wọn pé, tàbí kó ku díẹ̀. Bó bá jẹ́ eyín iwájú nìkan ló wà, tí ti ẹ̀yìn kò tíì yọ, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti fi ọ̀sẹ̀ méjì kún ọjọ́ orí rẹ̀ fún yín. Ẹ wo ìdí rẹ̀ náà: ó gbọ́dọ̀ gbẹ, kí ìgbẹ́ má lẹ̀ mọ́ irun ibẹ̀. Bí ikùn bá yọ roboto lára ọmọ ajá tí eegun ẹ̀yìn rẹ̀ hàn, aràn ni, kì í ṣe àyó.

Olùtajà ní òun ti fún un lábẹ́rẹ́ àjẹsára. Ṣé ká gbà á gbọ́?

Káàdì ni kẹ́ ẹ gbà gbọ́. Lórí káàdì tó péye, ẹ máa rí ọjọ́ tí wọ́n fún un, ìwé pẹlẹbẹ kékeré tí wọ́n ṣí kúrò lára ìgò abẹ́rẹ́ náà tí nọ́ńbà rẹ̀ wà lára rẹ̀, àti ìfọwọ́sí pẹ̀lú òǹtẹ̀ dókítà ẹranko. Bó bá jẹ́ bírò ni wọ́n kàn fi kọ ọ́ pé “DHLPP (orúkọ kúkúrú abẹ́rẹ́ àjẹsára àpapọ̀ ti ajá), a ti fún un”, ẹ kà á sí pé kò gbà á. Ó lè jẹ́ pé olùtajà ò tiẹ̀ parọ́, pé òun fúnra rẹ̀ ló ra abẹ́rẹ́ tó sì gún un. Àmọ́ abẹ́rẹ́ yìí gbọ́dọ̀ wà nínú òtútù ìwọ̀n 2 sí 8 lórí òṣùwọ̀n Celsius láti ilé iṣẹ́ títí dé ẹnu abẹ́rẹ́. Èyí tó bá ti wà nínú fíríìjì tí iná ò dé ibẹ̀ láti ọjọ́ méjì, omi lásán ni wọ́n gún sí i lára. Kò sí ewu nínú kí dókítà tún un bẹ̀rẹ̀.

Kí ló yẹ kó ti wà nílé kó tó dé?

Páálí tàbí kéèjì tó lè na ara rẹ̀ sí, tó lè yí po nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n tí kò fẹ̀ débi tó máa fi igun kan ṣe ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Aṣọ àtijọ́ méjì. Abọ́ irin méjì tí kò jìn. Ìwé ìròyìn tó pọ̀. Ìyarun onírin tí eyín rẹ̀ fẹ̀. Sikéèlì ilé ìdáná. Oyin. Oúnjẹ tó ti ń jẹ lọ́dọ̀ olùtajà, tó máa tó o fún ọ̀sẹ̀ kan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé oúnjẹ náà ò tẹ́ yín lọ́rùn.

Ẹ bẹ olùtajà kó fún yín ní àkísà kékeré kan tó ti wà lábẹ́ ìyá rẹ̀. Ó lè máa rùn, ẹ má fọ̀ ọ́.

Ó ń ké láti ìrọ̀lẹ́ títí ilẹ̀ fi mọ́. Ṣé ká fi í sílẹ̀ kó ké tán?

Rárá. Láti ìgbà tí wọ́n ti bí i, kò sùn lóun nìkan rí. Ẹ gbé páálí rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn yín, níbi tí ọwọ́ yín ti lè tó o. Ẹ rọ omi gbígbóná díẹ̀ sínú ìgò, kí ẹ fi tówẹ́ẹ̀lì wé e ní ìlọ́po méjì, kí ẹ sì gbé e sí igun kan páálí náà pẹ̀lú àkísà ìyá rẹ̀. Igun kan ni o, kó lè sún kúrò níbẹ̀ tí ooru bá mú un. Nígbà ọyẹ́, ẹ tún ìgò náà ṣe láàárín òru.

Tó bá ké ní nǹkan bí aago 2 òru, ìtọ̀ ló ń gbọ̀n ọ́n. Ẹ gbé e lọ síbi tó máa tọ̀ sí, láìtan iná ńlá, láìbá a ṣeré, kí ẹ sì dá a padà. Òru mẹ́ta sí mẹ́rin ni ariwo yẹn máa ń gbà kó tó rọlẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀melòó ló yẹ kó jẹun lójúmọ́, báwo ló sì ṣe pọ̀ tó?

Ẹ̀ẹ̀mẹrin títí tó fi pé oṣù 4, ẹ̀ẹ̀mẹta títí dé oṣù 6, lẹ́yìn náà ẹ̀ẹ̀mejì. Ọmọ Lhasa tó wọn kílò 1.2 máa ń jẹ nǹkan bí gíráàmù 60 oúnjẹ gbígbẹ ti ọmọ ajá kékeré láàárín ọjọ́ kan. Ẹ pín in sí mẹ́rin: gíráàmù 15 ní aago 6 àárọ̀, 15 ní 11, 15 ní 4 ìrọ̀lẹ́, 15 ní 10 alẹ́. Gíráàmù 15 kò ju ṣíbí ìjẹun méjì ààbọ̀ lọ. Tó bá dà bíi pé ó kéré lójú yín, ikùn rẹ̀ náà kéré. Ẹ fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ rẹ oúnjẹ náà fún ìṣẹ́jú 10 sí 15. Èyí tó bá ṣẹ́ kù lẹ́yìn ìdajì wákàtí, ẹ dà á nù, torí oúnjẹ rírẹ kì í pẹ́ kan nínú ooru wa. Omi mímu ní tirẹ̀ kò gbọ́dọ̀ kúrò níwájú rẹ̀.

Ẹ máa wọ̀n ọ́n ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Bó ṣe ń wúwo sí i ni oúnjẹ náà á máa lé sí i. Ẹ wo àtẹ tó wà lẹ́yìn àpò oúnjẹ náà. Ọ̀sẹ̀ tí kò bá lé rárá, ohun kan ń ṣe é.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ oúnjẹ rẹ̀, ẹ fi ọjọ́ 7 ṣe é: ìdá mẹ́rin kan tuntun fún ọjọ́ méjì, ìdajì fún ọjọ́ méjì, ìdá mẹ́rin mẹ́ta fún ọjọ́ méjì, kó tó wá di tuntun pátápátá. Ẹ ra àpò tí wọn ò tíì tú. Èyí tí wọ́n ń wọ̀n sínú ọ̀rá lọ́jà, kò sẹ́ni tó mọ ìgbà tí wọ́n ti ṣí i, ó sì lè ti hu láìhàn sójú.

Ó jẹun láàárọ̀, nígbà tó di ìrọ̀lẹ́ ó ń gbọ̀n, ó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bí ọ̀mùtí. Kí ló dé?

Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ló já wálẹ̀. Ẹ̀dọ̀ ọmọ ajá kékeré kò tóbi, ẹran ara rẹ̀ kò tó nǹkan, kò sì níbi tó lè tọ́jú agbára pamọ́ sí di ìgbà ebi. Bó bá pẹ́ kó tó jẹun, tàbí òtútù mú un, tàbí aràn ń bá a pín oúnjẹ rẹ̀, tàbí àwọn ọmọ adúgbò ń gbé e kiri láti àárọ̀ láìjẹ́ kó sùn, èyí tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á tán. Á kọ́kọ́ máa tòògbé lákòókò tó yẹ kó máa ṣeré. Etí àti ẹsẹ̀ rẹ̀ á tutù. Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹsẹ̀ ẹ̀yìn á máa yẹ̀, tí gìrì á sì mú un.

Ẹ má wá oògùn. Ẹ fi ìka ra oyin mọ́ erìgì rẹ̀ àti abẹ́ ètè rẹ̀. Bí kò bá sí oyin, ẹ po ṣúgà tàbí gúlúkóòsì mọ́ omi díẹ̀ kó ki. Ìdajì ṣíbí tíì ti tó fún ajá kílò kan. Ẹ má dà á sí i lọ́nà ọ̀fun, pàápàá bí kò bá mọ ara rẹ̀ mọ́, torí ó lè gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró lọ. Ẹ fi aṣọ wé e, kí ẹ gbé e mọ́ àyà yín. Láàárín ìṣẹ́jú 5 sí 10, ó yẹ kó gbórí sókè. Gbàrà tó bá ti lè dúró, ẹ fún un lóúnjẹ gidi, torí agbára ṣúgà nìkan kì í pẹ́ tán. Bí kò bá gbórí sókè, ẹ máa ra oyin náà sí i lẹ́nu bẹ́ ẹ ṣe ń gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko. Bó tiẹ̀ jí, ẹ ṣì mú un lọ lọ́jọ́ kejì, nítorí aràn tàbí àrùn lè wà nídìí ẹ̀.

Omi tútù tí wọ́n ń dà lé ajá tí gìrì mú lórí, òtútù ló ń fi kún un. Epo pupa tí wọ́n ń rọ sí i lẹ́nu náà, ẹ̀dọ̀fóró ló sábà ń bá lọ.

Ṣé ká fún un ní mílíìkì?

Rárá. Mílíìkì màlúù, ìbáà jẹ́ ti inú agolo tàbí oníyẹ̀fun, ló wà nídìí púpọ̀ nínú ìgbẹ́ gbuuru ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Omi ti tó fún un.

Ẹ̀bà, ìrẹsì àti oúnjẹ ilé ńkọ́?

Ẹ̀bà àti àmàlà á kún ikùn rẹ̀ láìfún un ní ohun tó máa fi dàgbà. Bí owó oúnjẹ ajá bá wọ́n yín lọ́wọ́, ẹ lè fi ìrẹsì tó rọ̀ dáadáa àti ẹja tàbí adìyẹ bíbọ̀ tí ẹ ti yọ eegun rẹ̀ tán, ìwọ̀n kan náà, ṣe àdàlù fún oúnjẹ gbígbẹ rẹ̀, láìsí iyọ̀, láìsí Maggi, láìsí ata. Oúnjẹ yìí nìkan kò ní kálísíọ̀mù tó tó fún eegun ọmọ ajá, nítorí náà kó má di oúnjẹ ojoojúmọ́ rẹ̀.

Ọbẹ̀ ilé wa lewu fún un ju bí àwọn èèyàn ṣe rò lọ, torí àlùbọ́sà. Àlùbọ́sà àti aáyù máa ń ba ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ́, ìbáà tútù, ìbáà jinná. Àwọn yòókù tí kò gbọ́dọ̀ fẹnu kàn ni ṣokoléètì, èso àjàrà tútù àti gbígbẹ, ọtí, ṣingọ́ọ̀mù tí kò ní ṣúgà (xylitol inú rẹ̀ máa ń já ṣúgà ajá wálẹ̀ láàárín wákàtí kan), àti eegun adìyẹ tó ti jinná, èyí tó máa ń là ṣọnṣọ bí abẹ́rẹ́. Paracetamol àti ibuprofen náà wà lára wọn. Ìdajì hóró tí ẹ fún un “kí ibà rẹ̀ lè lọ” lè jẹ́ òpin rẹ̀.

Ìgbà wo ló yẹ kó gbabẹ́rẹ́, kí sì nìdí tó fi ń gba ọ̀kan náà léraléra?

Àkọ́kọ́ ní ọ̀sẹ̀ 6 sí 8, lẹ́yìn náà ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mẹ́ta tàbí mẹ́rin mẹ́rin, kí èyí tó gbẹ̀yìn má ṣe ṣáájú ọ̀sẹ̀ 16. Ti dìgbòlugi jẹ́ tirẹ̀ lọ́tọ̀, nígbà tó bá pé ọ̀sẹ̀ 12. Ọdún kan lẹ́yìn ìyẹn, ẹ mú un padà lọ.

Wọn ò tún un gún torí owó. Wàrà àkọ́kọ́ tó mu lọ́mú ìyá rẹ̀ fún un ní ààbò, ààbò yẹn náà ló sì máa ń pa agbára abẹ́rẹ́ tí a bá fún un nígbà tó ṣì kéré. Ó máa ń tán lára ọ̀kan ní ọ̀sẹ̀ 8, lára òmíràn ní 14, kò sì sẹ́ni tó lè fojú mọ̀ ọ́n. Nítorí náà la ṣe ń gún un títí ó fi dájú pé ọ̀kan ti bọ́ sí àkókò. Ẹni tó bá dáwọ́ dúró lẹ́yìn èyí tó ṣìkejì ní ọ̀sẹ̀ 10 ló sábà máa ń sọ pé “ó gbabẹ́rẹ́, parvo ṣì pa á”. Parvo ni àrùn tó ń ba ìfun ọmọ ajá jẹ́.

Títí di ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn èyí tó kẹ́yìn, kò gbọ́dọ̀ fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ àdúgbò tí ajá ẹlòmíì ń rìn. Ẹ lè gbé e dání jáde. Ẹ bọ́ bàtà yín sí ìta.

Báwo la ṣe máa mọ̀ pé parvo ni?

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó kàn kọ oúnjẹ, ó ká jọ sí kọ̀rọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni èébì, tó máa ń jẹ́ ìfófòó funfun tàbí omi tó pọ́n bí omi ọsàn. Ìgbẹ́ gbuuru tẹ̀ lé e, ẹ̀jẹ̀ wà nínú rẹ̀, òórùn rẹ̀ sì jọ ti irin tó dípẹtà pẹ̀lú ẹran tó ti bàjẹ́. Ẹni tó bá gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan á dá a mọ̀ láti ẹnu ọ̀nà. Ó sábà máa ń jẹ́ ọjọ́ 3 sí 7 lẹ́yìn tó kó o, ìyẹn ló fi jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ajá ń dé ilé tuntun pẹ̀lú rẹ̀ lára.

Ọdún 1978 ni ayé kọ́kọ́ dá àrùn yìí mọ̀. Ìfun àti àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ ló máa ń bàjẹ́. Kò sí oògùn tó ń pa kòkòrò náà fúnra rẹ̀. Dókítà á fi dírípù dá omi ara rẹ̀ padà, á dá èébì dúró, á sì fún un ní oògùn tí kò ní jẹ́ kí kòkòrò ìfun wọnú ẹ̀jẹ̀. Ọmọ ajá tí wọ́n gbé lọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ sábà máa ń yè é. Èyí tí wọ́n fi sílé pẹ̀lú àgbo tàbí oògùn ìgbẹ́ gbuuru ti èèyàn, agbára káká ni. Ilé ìwòsàn ẹranko ti Yunifásítì Ìbàdàn àti ti FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà l'Ábẹ́òkúta, ń gba ajá. Bí ẹ bá wà nítòsí, ẹ mọ ọ̀nà ibẹ̀ kí àìsàn tó dé.

Ẹ tẹ erìgì rẹ̀ pẹ̀lú ìka: á funfun, ó sì yẹ kó padà pọ́n láàárín ìṣẹ́jú àáyá méjì. Bó bá pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, tàbí tí erìgì náà gbẹ tó ń lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́, ẹ máa lọ nísinsìnyí, kó tó dàárọ̀.

Parvo ti pa ọ̀kan nílé wa. Ìgbà wo la lè gbé òmíràn wá?

Kòkòrò yìí lè wà nílẹ̀ fún ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀. Àwọn apakòkòrò tó máa ń funfun bíi wàrà tẹ́ ẹ bá pò wọ́n mọ́ omi kì í pa á, bí òórùn wọn ti wù kó le tó. Hípò ló ń pa á: ife hípò kan sínú ife omi 30. Ẹ kọ́kọ́ fi ọṣẹ fọ ilẹ̀ náà mọ́, torí ìdọ̀tí máa ń sọ hípò di aláìlágbára, kí ẹ tó wá dà á sí i, kó sì wà nílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní títutù fún ìṣẹ́jú 10. Táìsì, abọ́ irin àti kéèjì á mọ́. Kápẹ́ẹ̀tì àti aṣọ rẹ̀, ẹ sun wọ́n. Àgbàlá oníyẹ̀pẹ̀ ni kò ṣe é fọ̀. Ọmọ ajá tuntun kò gbọ́dọ̀ débẹ̀ títí abẹ́rẹ́ rẹ̀ fi pé. Ohun tó ṣàǹfààní jù ni kẹ́ ẹ gba ajá tó ti lé ní oṣù 4, tó ti gba gbogbo rẹ̀ tán.

Oògùn aràn ńkọ́?

Inú ìyá rẹ̀ àti ọmú rẹ̀ ló ti kó aràn, nítorí náà kò sí ọmọ ajá tí kò nílò rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ 2, 4, 6 àti 8 ni ti ìbẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà oṣooṣù títí dé oṣù 6, lẹ́yìn ìyẹn oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Ìwúwo ni wọ́n fi ń ṣírò rẹ̀. Ẹ gbé abọ́ sórí sikéèlì ilé ìdáná, ẹ dá a padà sí òdo, ẹ gbé ọmọ ajá náà sínú abọ́. Abẹ́rẹ́ ivermectin tí wọ́n ṣe fún màlúù, ẹ̀kán kan rẹ̀ ti pọ̀ jù fún ajá kílò kan.

Aràn yìí ń ràn èèyàn, àwọn ọmọ kékeré ló sì ń tètè kó o. Ẹ kó ìgbẹ́ rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú, kí àwọn ọmọ sì fọwọ́ kí wọ́n tó jẹun.

A rí eégbọn lára rẹ̀. Ṣé ọ̀tápíápíá lè pa á?

Á pa eégbọn, á pa ajá. Oògùn ẹ̀fọn àti oògùn oko kò gbọ́dọ̀ kan ara rẹ̀; ara rẹ̀ ló máa lá a. Amitraz tí wọ́n ń pò mọ́ omi fún ajá ńlá náà kò yẹ fún ọmọ ajá.

Ẹ fi irin fífà mú eégbọn náà níbi tó ti so mọ́ awọ, kí ẹ fà á sókè gbọọrọ láìyí i, láìta kẹrosíìnì sí i, láìfi iná kàn án. Ẹ wo inú etí, abẹ́ ọrùn, àti àárín ìka ẹsẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n máa ń sápamọ́ sí. Oògùn jíjẹ fún eégbọn dára, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn ló fẹ́ kí ajá pé ọ̀sẹ̀ 8, kó sì tó nǹkan bíi kílò 2. Ọmọ Lhasa lè pé ọ̀sẹ̀ 8 kó má tíì tó kílò náà. Ẹ ka ara páálí rẹ̀. Bí eégbọn bá ti wà lára rẹ̀ rí, tí ibà wá ń mú un, tí erìgì rẹ̀ ṣì tún funfun tàbí tí ìtọ̀ rẹ̀ pọ́n bíi tíì, eégbọn ti kó àrùn sí i lẹ́jẹ̀ nìyẹn. Dókítà ló lè wò ó.

Ìwẹ̀ àti irun rẹ̀?

Ẹ jẹ́ kí ọ̀sẹ̀ kan kọjá kó tó kọ́kọ́ wẹ̀, lẹ́yìn náà ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin síra. Ọ̀sán gangan ni kẹ́ ẹ wẹ̀ ẹ́, pẹ̀lú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ ajá. Ọṣẹ ìfọṣọ àti apakòkòrò máa ń jó awọ rẹ̀. Ẹ gbẹ ẹ dé ìdí irun. Ọmọ ajá tó rin tí fáànù ń fẹ́ sí, òtútù á mú un, ẹ sì ti mọ ohun tí òtútù ń fà.

Irun Lhasa kì í dúró, ńṣe ló ń gùn bíi ti èèyàn. Ẹ máa yà á lójoojúmọ́ fún ìṣẹ́jú 5, láti ìdí rẹ̀. Ẹ̀yìn etí, abíyá àti abẹ́ ikùn ló ti máa ń ta kókó. Ní nǹkan bí oṣù 8 sí 12 tí irun ìkókó ń fún irun àgbà láyè, ọjọ́ méjì péré ti tó kí ó lọ́ mọ́ra bí kápẹ́ẹ̀tì. Ẹ lè gé e kúrú, kó ku bí ìdajì ìka. Ẹ má fá a dé awọ, oòrùn á jó o.

Irun tó ń wọ ojú rẹ̀, ẹ gé e tàbí kẹ́ ẹ dì í sókè. Ẹ fi òwú àti omi tí ẹ ti sè tó ti tutù nu ìpín láàárọ̀. Bí ojú bá pọ́n, tó ń dì, tó ń yọ ọyún tó ki, ẹ má rọ oògùn ojú ti èèyàn sí i. Òmíràn nínú wọn lè sọ ọgbẹ́ kékeré ojú di fífọ́.

Báwo la ṣe máa kọ́ ọ níbi tó máa ti tọ̀?

Àkókò ni gbogbo rẹ̀. Ọmọ oṣù 2 kì í lè mú ìtọ̀ dání ju wákàtí 2 lọ lójú ọ̀sán. Ẹ gbé e lọ síbi kan náà gbàrà tó bá jí, ìṣẹ́jú 10 sí 20 lẹ́yìn tó jẹun, àti nígbà tó bá ṣeré tán. Ẹ dúró tì í láìsọ̀rọ̀. Bó bá ti tọ̀ tán, níbẹ̀ gan-an, ẹ yìn ín, kí ẹ fún un ní hóró oúnjẹ kan. Ní fúláàtì, ìwé ìròyìn ní báńkónì ni. Ẹ fi èyí tó ti tọ̀ sí tẹ́lẹ̀ díẹ̀ sábẹ́ tuntun, imú rẹ̀ á mú un débẹ̀.

Títẹ imú rẹ̀ mọ́ ìtọ̀ kò kọ́ ọ ní nǹkan kan ju pé kó máa lọ tọ̀ sẹ́yìn àga lọ. Tó bá tọ̀ sílé, ẹ fi fínígà àti omi nu ún kí òórùn má pè é padà.

Aago 5 àárọ̀ la ń jáde, aago 9 alẹ́ la ń dé. Ṣé ó ṣeé ṣe?

Bí kò bá sí ẹnikẹ́ni nílé, ẹ má tíì gbé e wá. Ọmọ oṣù 2 tí ò jẹun fún wákàtí 16, ẹ ti ka ohun tó ń ṣe é lókè. Bí màmá tàbí ọmọ ọ̀dọ̀ bá wà nílé, ẹ kọ àkókò oúnjẹ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́ ara ògiri.

Àwọn ọmọ ń jà du ẹni tó máa gbé e.

Ẹni tó bá fẹ́ gbé e, kó kọ́kọ́ jókòó sílẹ̀. Ọwọ́ kan lábẹ́ àyà, èkejì lábẹ́ ìdí. Kí wọ́n má fi ẹsẹ̀ iwájú fà á sókè. Eegun apá rẹ̀ kò nípọn ju pẹ́ńsù lọ, fífò láti orí àga sórí táìsì sì ti tó láti ṣẹ́ ẹ. Ẹ tẹ́ ẹní tàbí rọ́ọ̀gì sórí táìsì tó ń yọ̀. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ so okùn mọ́ ọn, kó jẹ́ ìgbànú tó gba àyà àti abíyá rẹ̀, torí ọ̀nà ọ̀fun ajá kékeré kì í fara da okùn tí ń fa ọrùn.

Tó bá ń gé wọn jẹ, kí wọ́n ní “yéè!” lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n sì dá eré dúró, kí wọ́n fún un ní aṣọ tí wọ́n ta ní kókó. Lílù á jẹ́ kó máa bẹ̀rù ọwọ́, ajá tó ń bẹ̀rù ọwọ́ ló sì ń gé ọwọ́ jẹ.

Ìgbà wo ló yẹ kó bẹ̀rẹ̀ sí í mọ ariwo àdúgbò?

Báyìí. Ọ̀sẹ̀ 3 sí 14 ni ọkàn rẹ̀ ṣì sílẹ̀ jù; ohun tó bá bá pàdé nígbà yẹn láìsí ìpalára kì í bà á lẹ́rù mọ́. Ẹ tan jẹnẹrétọ̀ nígbà tó ń jẹun lọ́ọ̀ọ́kán. Ẹ gbé e dání lọ sẹ́nu géètì kó gbọ́ fèrè ọ̀kadà. Ẹ jẹ́ kó rí onírùngbọ̀n, obìnrin oníjíláábù, ẹni tó ń lo ọ̀pá. Èyí tó bá wà nínú yàrá nìkan títí dé oṣù 4 ló ń sá wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì nígbà bángà oṣù Kejìlá.

Ó gé ọmọ ẹlòmíì jẹ. Kí la máa ṣe?

Ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú 15, ẹ wo aago. Lẹ́yìn náà kí ọmọ náà lọ ilé ìwòsàn lọ́jọ́ yẹn, bí ọgbẹ́ náà tilẹ̀ kéré. Dìgbòlugi tó bá ti hàn lára èèyàn, ikú ni ó sábà máa ń já sí, ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ tó tètè dé máa ń dá a dúró. Ẹ mú káàdì abẹ́rẹ́ ajá yín dání, kí ẹ má sì pa ajá náà tàbí kẹ́ ẹ lé e lọ. Dókítà máa fẹ́ fi ọjọ́ 10 ṣọ́ ọ.

Orúkọ wo ló dára?

Àwọn àgbà a máa fi orúkọ ajá sọ̀kò ọ̀rọ̀ sí aládùúgbò, kí Tanímọ̀la máa gbó, kí ẹni tí wọ́n ń bá wí máa gbọ́. Ó dùn, àmọ́ orúkọ tí kò ju ìró ohùn méjì lọ ni etí ọmọ ajá máa ń tètè mú. Ẹ má fi orúkọ náà bá a wí rárá. Orúkọ ni, oúnjẹ ni, fún ọ̀sẹ̀ kan.

Eyín rẹ̀ ń yọ bọ́. Ṣé àìsàn ni?

Láti nǹkan bí oṣù 4 ni eyín ìkókó máa ń bọ́, tí 42 ti àgbà á sì gba ipò wọn kó tó pé oṣù 7. Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lára aṣọ tó ń jẹ kì í ṣe nǹkan. Nínú ajá kékeré, eyín ṣọnṣọ ìkókó máa ń kọ̀ láti kúrò, tí ti àgbà á wá yọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, tí oúnjẹ á sì máa há sáàárín méjèèjì títí yóò fi jẹrà. Ẹ gbé ètè rẹ̀ sókè ní oṣù 6, kí ẹ kà á: ṣọnṣọ kan ló yẹ kó wà ní igun kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá ka méjì, kí dókítà yọ ti ìkókó.